Ṣéènì Ọwọ́ Láníhún

Ọgbọ̀n ọdún ni Láníhún fi wọ́ ṣéènì tẹ̀lé sọ́fíyọ̀,
láti Ìsánlú-Ìsin dé Ọ̀mù-Àrán, òjò ń pa á, ọyẹ́ ń là á létè.
Òun ló ń ṣán igbó, òun ló ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀,
òun ló ń sọ fún ilẹ̀ pé, láti òní lọ, o ti di ti lágbájá.
Owó tí wọ́n san fún un kò ra púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

Mo dé láti Ìlọrin pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù ọkọ̀ mẹ́ta
láti mọ odi yí ilẹ̀ bàbá mi ká.
Ó jókòó lábẹ́ igi emi, ó ń họ orúnkún.
Kò kí mi kú àbọ̀.
"Ọmọ Àwẹ̀ró, ta lò ń lé?"

Mo ní olè ni, Bàbá.
"Olè wo ló wà níbí kí búlọ́ọ̀kù tó dé?"

Ó ní ìdí ṣéènì lòun ti rò ó,
torí ẹni tó ń wọ́ irin nínú ẹ̀gún
kò ní ìfàájì mìíràn ju ìrònú lọ.
"Gbé ọmọ tuntun sórí ẹní, gbé e sórí tìmùtìmù,
igbe kan náà ni yóò ké.
Ta ló gbọ́ igbe olówó lẹ́nu ìkókó rí?
Ẹnìkan ló kọ́ ọ ní 'tèmi'.
Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti mọ 'tìrẹ kéré'."

Mo ní, ṣé ẹ fẹ́ sọ pé ènìyàn sunwọ̀n látilẹ̀ ni?
"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Èmi yìí, mo ti jí iṣu wà rí.
Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́, ebi tán.
Ebi inú ní òpin.
Ṣùgbọ́n ojú tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn abọ́ aládùúgbò,
n kò tíì rí ọkà tó yó o."

Ó nawọ́ sí ìdì kọ́kọ́rọ́ tó rọ̀ sí ìbàdí mi:
"Mélòó nìyẹn?"
Mo kà á. Mọ́kànlá.
Ti géètì Táǹkẹ̀, ti ṣọ́ọ̀bù, ti mọ́tò,
méjì tí n kò rántí ohun tí wọ́n ń ṣí.
"Ọ̀kan ni mo ní, ti àpótí aṣọ. Ó ti sọnù. N kò wá a.
Nínú àwa méjèèjì, ta ló lè dìde nísinsìnyí
kó lọ sódò láìbojú wẹ̀yìn?"

Inú bí mi.
Mo ní, Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ rì wọ́n?
Gbogbo òkúta ààlà tó wà ní ilẹ̀ yìí,
ọwọ́ ta ló rì wọ́n?

Ó dákẹ́. Ewé emi kan já bọ́ sórí fìlà rẹ̀.
Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, àpá irin gba ibẹ̀ kọjá
bí ipa ọ̀nà tí àwọn ìjàlọ ń tọ̀.
"Ọwọ́ yìí ni," ó ní.
"Olówó kò lè ri òkúta. Ẹ̀yìn ń dùn ún.
Mo rì í kí n lè jẹun alẹ́,
mo sì jẹun alẹ́."

Bíríkìlà pè mí: Màdáámù, ṣé ká bẹ̀rẹ̀?
Mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.
Ṣùgbọ́n mo ní kí wọ́n fi àlàfo kan sílẹ̀
níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbà lọ sódò.
Bóyá àánú ni, bóyá ìtìjú, n kò yẹ̀ ẹ́ wò.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n sọ fún mi
pé ọmọdékùnrin kan ti jókòó sẹ́nu àlàfo náà,
kaṣú kọ̀ọ̀kan ló ń gbà kó tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọjá.
Mo pe Láníhún lórí fóònù láti bi í léèrè.
Ó rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín,
títí káàdì mi fi tán.